Ìgò Ìṣápá Méjì Lórí Odò Ọya

Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: èmi ni mo ní kí ọkọ mi gba káàdì aláwọ̀ wúrà. Kì í ṣe èṣù, kì í ṣe ọ̀rẹ́ burúkú. Èmi aya rẹ̀ ni. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé wa ní Woliwo, oyún oṣù méje ń bẹ níkùn mi, mo ń wo ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù omi tó ti gbẹ, inú sì ń bí mi sí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀rọ omi láyé.

Omi ni ìdí ọ̀rọ̀. Ogun ti tán nígbà náà, owó epo rọ̀bì ti ń wọlé, gbogbo Onitsha sì ń kọ́lé bí ẹni pé wọ́n fi í búra. Ògiri tí ọta ìbọn dá lu, wọn á ti rẹ́ ẹ, wọn á ti kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, kí o sì tó ṣẹ́jú péú, ilé alájà mẹ́ta ti dé orí rẹ̀. Alájà mẹ́ta o, omi ò sí níbẹ̀! Onílé á gbé tẹlifíṣọ̀n sí pálọ̀, á gbé fíríìjì tì í, á sì rán àwọn ọmọ rẹ̀ síta pẹ̀lú korobá bíi tèmi. Ọwọ́ ọlọ́kọ̀ omi la ti ń rà á. Bí a bá ti gbọ́ fèrè rẹ̀, àti olówó àti mẹ̀kúnnù, eré ni. Èmi tí ikùn mi ń ṣíwájú mi, ẹ̀yìn ni mo máa ń bá ara mi.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé nílé iṣẹ́ kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì, páànù àti irin ìkọ́lé. Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé e wá. Ọmọ Áfáà ni, ẹni jẹ́jẹ́ ni, kò sì fẹnu kan ọtí rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i. Bí wọ́n bá ń rọ bíà sínú ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ṣòkòtò ló máa ń ká sókè kí ìfófòó rẹ̀ má baà ta sí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí ibi tí mo ń mú yín lọ ò dáa.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan fún ilé iṣẹ́ náà ní Nkpor, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò jẹ́ olórí ibẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lásìkò yẹn, ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ilé sìmẹ́ǹtì, àwọn agbaṣẹ́ṣe á máa tẹríba kí i bí ọba. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló wọ̀ mí lójú. Ilé kan wà nídìí iṣẹ́ náà, ní GRA, lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ti lọ wò ó. Mo bẹ mẹ́gáàdì kí ó jẹ́ kí n yọjú sí ilé ìdáná, mo sì rí ẹ̀rọ omi lára ògiri. Mo ṣí i. Omi dà! Mo wọ ilé ìwẹ̀, òmíràn tún wà níbẹ̀, mo ṣí òun náà. Mo dúró, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì gba omi, títí mẹ́gáàdì fi ní, "Madam, e don do." Ọjọ́ yẹn ni mo ti kó wọ ilé náà lọ́kàn mi. Ẹrù mi nìkan ló kù lẹ́yìn.

Ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ ní ọdún ti dára, pé àwọn fẹ́ kó òṣìṣẹ́ àti ìyàwó wọn lọ gbafẹ́ lórí odò Ọya. Wọ́n háyà ọkọ̀ ojú omi alájà méjì kan tí yóò gbé wa láti èbúté Onitsha lọ sí ìsàlẹ̀ odò, tí yóò sì dá wa padà kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀gá àgbà ń bọ̀ láti Èkó. Kò sẹ́ni tó là á mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tí ojú ọ̀gá bá gbà lórí ọkọ̀ yẹn ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ Nkpor.

Ọtí ni wọ́n wá fi pín wa. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìgbafẹ́, ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé, ló ń gbé káàdì kiri ilé òṣìṣẹ́, èyí tó ga jù sì ni owó rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó bá gba funfun, mínírà àti omi ni yóò máa mu, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni yóò sì jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì. Aláwọ̀ fàdákà, bíà, ìsàlẹ̀ náà ni, àmọ́ níwájú, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹni tó bá gba wúrà, wisikí, bùráńdì, wáìnì, ohunkóhun tó bá ti ń jẹ́ ọtí lábẹ́ ọ̀run, òkè ọkọ̀ sì ni àga rẹ̀ wà, nídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú ọ̀gá àgbà. Ẹ ẹ̀ rí ayé! Bí ọtí tí èèyàn lè mu ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń wọn ibi tó lè fìdí lé.

Ńṣe làwọn èèyàn ń já káàdì wúrà gbà. Ọkùnrin kan tí ọgbẹ́ inú ń bá fínra, tí dókítà ti kìlọ̀ fún pé kí ó jìnnà sí ọtí, ó gba wúrà. Olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan gba wúrà, ó ní nítorí atẹ́gùn òkè ni. Àwọn tí bàbá wọn fi igbá mu ẹmu títí wọ́n fi rọ̀run, àwọn náà ló wá ń bi ara wọn léèrè pé wáìnì pupa àti funfun, èwo ló bá ẹja lọ.

Nígbà tí akọ̀wé dé ilé wa, ó na káàdì funfun sí ọkọ mi láìbéèrè. "Àlájì," ó ní, bẹ́ẹ̀ ọkọ mi ò dé Mẹ́kà rí, gbogbo Mùsùlùmí ni Àlájì lọ́dọ̀ tirẹ̀, "tìrẹ ti wà nílẹ̀."

Ọkọ mi na ọwọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ fún wa ní ọ̀la," ni mo wí.

Bí ọkùnrin náà ti jáde tán, ọkọ mi yíjú sí mi. "Ìyá àwọn ọmọ, kí ni mo fẹ́ fi wisikí ṣe?"

"Ta ló ní kí o mu wisikí? Àga là ń rà, kì í ṣe ọtí."

"Kí n wá máa jókòó ti ọtí tí n kò ní í mu, bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú?"

"Ó dáa. Lọ jókòó ti ẹ́ńjìnì," ni mo wí. "Kí ọ̀gá lọ kí ó bọ̀, kí ó má mọ̀ pé wọ́n bí ọ. Èmi á máa sáré tẹ̀lé ọlọ́kọ̀ omi títí n ó fi bímọ sórí ìlà." Mo wá fọwọ́ kan ikùn mi. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ẹni tó bá mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, òun náà ló mọ ibi tí yóò tẹ̀.

Ó gba wúrà. Owó káàdì yẹn tó owó ilé wa lóṣù méjì.

Akẹgbẹ́ rẹ̀ kan wà, ọmọ Nkpor gan-an, tí ẹnu ń pè fún ipò náà bíi ti ọkọ mi. Òun gba funfun. Ogun ti ká òrùlé ilé bàbá rẹ̀ lọ, páànù ló sì ń fi gbogbo owó rẹ̀ rà. Ìyàwó rẹ̀ pàdé mi lọ́jà, ó ní, "Nwunye anyị," bí wọ́n ti máa ń pe ìyàwó ilé níbẹ̀ nìyẹn, "mínírà ti tó wa jàre." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nínú mi, mo ní, ẹ wo aláìmọ̀kan yìí, ẹni tí ẹ́ńjìnì yóò fi èéfín kùn lójú. Ọlọ́run dárí jì mí.

Ìṣòro kan ló kù. Bí ọkọ mi bá jókòó sókè láìmu nǹkan kan, wọ́n á fi ọtí lọ̀ ọ́ títí yóò fi jẹ́wọ́ pé òun kì í mu, a ó sì di ẹni ẹ̀sín: ẹni tó ra káàdì ọtí tí kì í mutí! Àmọ́ òfin kan wà lẹ́yìn káàdì náà. Ẹni kọ̀ọ̀kan lè gbé ìgò wáìnì kan wọ ọkọ̀, bí kọ́ọ̀kì rẹ̀ bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, tó sì san owó ìṣígò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹmu ò gbọdọ̀ wọlé o. Wọ́n ní ẹmu kì í ṣe wáìnì, pé yóò mú ọkọ̀ rùn. Bí mo ṣe ka òfin yẹn, ọpọlọ mi tàn. Èmi àti ọkọ mi, ìgò méjì nìyẹn. Ta ló máa mọ ohun tó wà nínú ìgò?

Kàdúná ni mo dàgbà sí, níbi tí bàbá mi ti ń ta aṣọ. Níbẹ̀ la ti máa ń se òdòdó ìṣápá pupa, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sóbò. Bí a bá fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sí i, tó tutù, ojú rẹ̀ àti ti wáìnì ò yàtọ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ ológò lọ́jà, mo ṣa ìgò wáìnì méjì tí bébà rẹ̀ ò tíì ya, tí kọ́ọ̀kì wọn sì wà. Ní Ọjọ́rú, mo se ìṣápá. Mo da ṣúgà sí i yanturu. Mo wá rò ó pé wáìnì máa ń kan díẹ̀, mo bá kó èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó tútù sí i nígbà tí mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí n tó sẹ́ ẹ. Mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo fi kọ́ọ̀kì dí i pa, mo yọ́ àbẹ́là lé e lórí, mo sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí àwọn ọmọ má baà rí i. N kò tọ́ ọ wò. Nǹkan kíkan ló ń mú èébì gbé mi nínú oyún yẹn.

Lárọ̀ọ́ Sátidé tí a ń múra, mo rí i pé kọ́ọ̀kì kan ti yọ díẹ̀ sókè, àbẹ́là rẹ̀ ti sán. Ooru ni, mo wí lọ́kàn mi. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a wọlé, mo fi òwú so ó lọ́rùn, mo tún yọ́ àbẹ́là sí i. Ọlọgbọ́n obìnrin!

Ẹ ì bá wà ní èbúté lọ́jọ́ náà. Gbogbo ayé ló ń fi ọtí pamọ́ kí wọ́n má baà san owó ìṣígò. Obìnrin kan fi fíláàsì tíì gbé bùráńdì. Òmíràn rọ jíìnì sínú ìgò ọmú ọmọ, bẹ́ẹ̀ kò gbé ọmọ kankan wá. Àwọn méjì fi ìgò ṣe oyún. Nígbà tó fi máa kàn mí, obìnrin tó ń yẹ ara wò lẹ́nu ọ̀nà ti gbọ́n. Ó wo ikùn mi, ó ṣe hẹn.

"Madam, how many bottle?"

"Ọmọ ni!" mo fi Yorùbá lọgun mọ́ ọn. "Na pikin!"

Ó fi ìka kan ikùn mi tọ̀-tọ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ìbẹ́pẹ ti pọ́n. Ọmọ inú mi bá ta á nípàá. Obìnrin náà fò sẹ́yìn, ó ń pariwo "Chineke!", gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ìgò méjèèjì tí mo gbé dání ní gbangba, a san owó ìṣígò wọn pé, kò tilẹ̀ wò wọ́n. Nínú gbogbo èrò tó wọ ọkọ̀ yẹn, àwa nìkan la san owó ọtí fún ohun tí kì í ṣe ọtí. Bí mo ṣe rò nìyẹn.

Òkè ọkọ̀ dùn, n kò níí purọ́. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, odò Ọya kún dé etí, afárá ń rọra kéré lẹ́yìn wa. Ọ̀gá àgbà jókòó sí ipò olórí nídìí tábìlì. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, àgbàlagbà tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó ń fi ojú rẹ́rìn-ín. Omi ló wà nínú ife tirẹ̀. A rí i, kò sì sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí. Olúkúlùkù ń to ìgò síwájú ara rẹ̀ bí ọmọ ogun. Ọlọ́gbẹ́ inú ti mu wisikí mẹ́ta, ó di ikùn mú, ó sì tún na ife.

Ọkọ mi gbé ìgò àkọ́kọ́ wa jáde. Ó tú òwú, ó fọwọ́ kan kọ́ọ̀kì báyìí.

Pọ́ọ̀! Kọ́ọ̀kì fò, ó gba orí olórí akọrin kọjá, ó bọ́ sódò. Ìfófòó rú jáde. Gbogbo tábìlì pàtẹ́wọ́. "Ṣàmpéènì!" ni wọ́n ń pariwo. "Alhaji, you try!"

Ọkọ mi wò mí. Mo ṣẹ́jú sí i pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ló ń ti iṣẹ́ mi lẹ́yìn, bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ó mu ife kan, ó tẹ̀ sí etí mi. "Ó ń ta mí nímú."

"Atalẹ̀ ni."

"Ó dùn ṣá."

"Máa mu ún. Jẹ́ kí wọ́n rí ọ."

Ó ń mu ún. Bí wọ́n bá ti gbé wisikí tọ̀ ọ́ wá, á gbé ife rẹ̀ sókè: "Mo ti ní tèmi." Iyì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó mu ìgò kìíní tán, ó ṣí ìkejì, òun náà dún. Ọkọ mi tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́ fún olórí akọrin. Ó ń fọwọ́ gbá tábìlì. Mo ní háà, àṣé ọkọ mi gbáfẹ́ tó báyìí! Mo jókòó, mo ń mu mínírà mi, mo ti ń pín yàrá ilé GRA lọ́kàn mi.

Ọkọ̀ ti yí padà, a ti ń rí afárá lọ́ọ̀ọ́kán, nígbà tí ọ̀gá àgbà gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín," ó wí. "Ní ẹ̀ka wa kan, a fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí lé ọ̀mùtí lọ́wọ́. A ò mọ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà dógò bíà nílé ọtí kan, ó sùn lọ. Kó tó jí, wọ́n ti kó sìmẹ́ǹtì lọ títí kan èyí tó dà sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti búra pé ẹni tí ọtí bá lè pa lójú mi, kò ní í gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n kó ọtí rẹpẹtẹ sínú ọkọ̀ yìí nìyẹn. Mo fẹ́ wò yín."

Àwọn tó wà nídìí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ife kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ife náà gbóná. Olórí akọrin fi aṣọ tábìlì bo ìgò rẹ̀.

Inú tèmi dùn kọjá àlà! Nínú gbogbo ẹni tó wà lókè yìí, ọkọ mi nìkan ni kò fẹnu kan ọtí. Ìgbà tó bá yá, a ó rọra sọ fún ọ̀gá níkọ̀kọ̀, a ó fi rẹ́rìn-ín, kọ́kọ́rọ́ á bọ́ sí wa lọ́wọ́. Mo yíjú sí ọkọ mi kí n fi ojú bá a sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi ti dìde. Fìlà rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́. Ó rìn lọ bá ọ̀gá àgbà, ó gbé ọwọ́ lé èjìká bàbá náà, ó sì na ọwọ́ kejì.

"Ọ̀gá mi," ó wí, ohùn rẹ̀ fà, "ẹ má jẹ́ ká fọ̀rọ̀ gùn. Kọ́kọ́rọ́ dà? Ẹ kó o wá!"

Yéè! Mo rò pé ilẹ̀ ọkọ̀ lanu. Ọ̀gá wo ọwọ́ tó wà níwájú rẹ̀, ó wo àwọn tó kù. "Irú èyí gan-an ni mo ń wí," ó ní.

Mo dìde tikùn-tikùn. "Ẹ má bínú, sà! Kò yó o! Ọkọ mi kì í mutí, kò mu ún rí láyé rẹ̀. Ìṣápá ló wà nínú ìgò yẹn. Èmi ni mo sè é. A kàn fẹ́ jókòó ti yín ni."

Mo ti sọ ọ́, kò ṣeé gbé mì mọ́. Gbogbo tábìlì yíjú sí mi. Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé ìgò wá. Ó rọ ìwọ̀nba sínú ife, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò.

"Màdáámú, ọjọ́ wo lẹ sè é?"

"Ọjọ́rú, sà."

"Kí lẹ fi sí i?"

"Atalẹ̀, kànáfùrù, ṣúgà." Ohùn mi ti ń lọ sílẹ̀. "Èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó."

"Ẹ sè é mọ́ ọn?"

"Rárá, sà. Lẹ́yìn tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni."

Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ìyá mi ń ṣe tà l'Ábẹ́òkúta kó tó rán mi níléèwé. Bí ọtí bá wà nínú nǹkan, ahọ́n mi á mọ̀. Èèpo tútù yẹn ló mú un kan di ọtí. Ọtí lẹ pọn yìí o, màdáámú. Ó sì múná ju èyí tí mo fowó rà lọ." Ẹ̀rín náà wá tán lójú rẹ̀. "Ká ní ó mutí, tó ní òun mutí, a mọ ibi tí a ó fi í sí. Ká ní kò mutí, tó ní òun kì í mu, kọ́kọ́rọ́ ì bá ti di tirẹ̀ lónìí. Èyí tó ń díbọ́n pé òun ń mutí, tí ọtí wá pa á lóòótọ́, ẹ bá mi sọ ọ́, kí ni kí n pè é?"

Ọkọ mi ṣì na ọwọ́ sílẹ̀, ó ń dúró de kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, akọ̀wé ìgbìmọ̀ gan-an ti sùn lórí àga. Ọmọ Nkpor tó gba káàdì funfun ló jáde láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń fa àwọn èèyàn lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó kan ọkọ mi, ó tẹ̀ ba, ó gbé e pọ̀n sẹ́yìn, ó sì gbé e gba orí pátákó ìsọ̀kalẹ̀ títí dé èbúté. Ọ̀gá àgbà dúró lókè, ó ń wò wọ́n. Ìyàwó ọmọ Nkpor gba báàgì lọ́wọ́ mi. "Ndo, nwunye anyị," ó ní. Pẹ̀lẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kó rẹ́rìn-ín.

Lárọ̀ọ́ ọjọ́ kejì, ọkọ mi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó di orí mú.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ọtí ni mo mu?"

"Ìṣápá ni," mo wí.

"Mo mọ̀ pé ìṣápá ni. Ṣé ọtí ni?"

Mo dúró níbẹ̀, ojú ń tì mí, n kò lè gbé e wò ó. Mo ń retí kó bú mi, kó lù mí pàápàá bó bá fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́wọ́ sókè sí mi rí. Kò bú mi. Ó ní kí n bu omi fún òun, pé òun fẹ́ wẹ̀ kí òun tó lè dojú kọ Ọlọ́run òun. Mo ṣí dúrọ́ọ̀mù. Ó gbẹ táútáú. Mo gbé korobá, mo jáde lọ wá ọlọ́kọ̀ omi, mo ń sunkún lọ lójú ọ̀nà, àwọn aládùúgbò sì rò pé ọmọ fẹ́ bọ́ ni.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ Nkpor gba kọ́kọ́rọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí GRA, sábẹ́ igi máńgòrò mi.

Mo bímọ nínú ọyẹ́, nígbà tí ọlọ́kọ̀ omi ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìyàwó yẹn ránṣẹ́ sí mi pé kí n máa kó aṣọ ọmọ wá fọ̀ lọ́dọ̀ òun. Mo ní n kò lọ. Mo ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ikú náà yá mọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ìtẹ́dìí ọmọ ti kún bàsíà méjì, mo di ẹrù, mo lọ.

Ó mú mi wọ ilé ìdáná bí àlejò tí kò dé ibẹ̀ rí. Mo ṣí ẹ̀rọ omi, omi dà, mo ń fọṣọ. Ó jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ọmọ mi lé ẹsẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Nwunye anyị, wáìnì rẹ yẹn, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ níléeṣẹ́ o. Kọ́ mi."

Mo kọ́ ọ. Mo sọ iye òdòdó, mo sọ atalẹ̀, mo sọ kànáfùrù.

"Ọ̀pẹ̀yìnbó ń kọ́?"

"Sè é mọ́ ọn," mo wí. "Ọjọ́ tí o bá sì sè é ni kí ẹ mu ún. Má tọ́jú rẹ̀ de ọ̀gá kankan."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo fún aṣọ tó kẹ́yìn, mo sì ti ẹ̀rọ omi náà pa dáadáa kí omi má baà ṣòfò, bí ẹni pé tèmi ni.